Ìborùn Léèsì Tí Wọ́n Ní Àwọn Ti Tú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí ìborùn tí mo fọwọ́ ara mi hun. Èmi ò mọ̀ ọ́n kọ o. Tolú ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Tolú, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe!

Nígbà tí Ejiro, ìyàwó ọmọ mi, lóyún, mo ní màá hun ìborùn léèsì tí wọn yóò fi bo ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Mo mọ̀ lọ́kàn ara mi pé èyí ni màá hun kẹ́yìn. Bó bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

Ìyá Tega, aládùúgbò wa, kò jẹ́ kí n sinmi. Bó bá ti rí ihò ara ìborùn náà báyìí, ẹ̀rín ni: "Mama, which river you wan carry dis net go?" Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín, Sọ́ńdè ń bọ̀!

Ọmọ dé, èmi náà hun ún tán. Ṣùgbọ́n léèsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun kì í wuyì. Ńṣe ló máa ń hunjọ bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ kù. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó nà án sórí fóòmù, a ó fi pínnì kàn án mọ́lẹ̀ yíká, kí ihò rẹ̀ lè là bí òdòdó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ fún Ejiro pé mò ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní Edjeba, bó bá ti gbẹ, kó bá mi tú u.

Ọmọ Urhobo ni Ejiro. Ilé wa ló ti kọ́ ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́.

Mo ṣì ń jẹ ìpékeré lọ́hùn-ún nígbà tó pè mí, inú ẹ̀ ń dùn! "Mama, I don loose am finish! E no even hard. I just dey draw am, e dey comot." Fóònù mi sì kú.

Loose! Ṣebí bí wọ́n ṣe ń pe irun títú ní Warri níbí nìyẹn? Háà! Ó ti fa òwú náà yọ tán! Kí ló dé tí mi ò sọ pé kó yọ pínnì?

Mo wọ kẹ̀kẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Awakọ̀ bi mí pé ta ló kú. Mo ní léèsì mi ni. Ó rò pé orúkọ èèyàn ni! "Sorry o, Mama. Na your last born?"

Mo wọlé, kí ni mo kọ́kọ́ rí lórí àga? Òwú funfun, wọ́n ti wé e rogodo! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bi Ejiro pé ìborùn mi dà.

Ó jáde, ó na ìborùn náà lọ́wọ́ méjèèjì, gbogbo ihò rẹ̀ là kedere! Òwú orí àga ńkọ́? Èyí tó ṣẹ́kù sínú báàgì mi ni, ó kàn bá mi wé e. "Mama! Na pin I loose o! You think say I dey craze?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìró ìdí mi fi tú. Ìyẹn gan-an tú! Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Tolú ń bi mí pé àmì ohùn wo ni kóun fi sórí eléyìí. Ó yàtọ̀ o, ọmọ mi!

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí a ṣe ń jáde, Ìyá Tega dá wa dúró. Ó fọwọ́ pa ìborùn náà. Ó ká etí rẹ̀ sókè, ó rí ọmọ tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. "Mama, dis your net don catch better fish."

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: Ejiro gbọ́ Yorùbá mi yé dáadáa, èmi ni mi ò gbọ́ tiẹ̀ yé. Ká máa béèrè ká tó sunkún! Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ gbọ́ sódì tó lé yín délé tẹkúntẹkún? Ẹ kọ ọ́ síbí, Tolú á kà á fún mi.