Ohùn Inú Èèpo

Aṣawé làdúgbò ń pè é, torí kò lè rìn kó má bẹ̀rẹ̀. Ewé gbígbẹ, èèpo igi, ìyẹ́ ẹyẹ, gbogbo ẹ̀ ló ń kó sápò. Láti kékeré ni. Ìyá ẹ̀ á máa fọṣọ, á sì bá ewé tó ti rà nínú omi ọṣẹ. "Ìwọ ọmọ yìí, àpò lo ní àbí ààtàn?"

Nígbà tó kọ́ṣẹ́ fàdákà tán, ààtàn yẹn náà ló sọ dọ̀ṣọ́. Á da píópì tó ń le bí òkúta bo ewé, á gbé e síná títí ewé á fi jóná tán nínú ẹ̀, á wá da fàdákà yíyọ́ sáyè tí ewé fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o! Bó bá bà jẹ́, ewé ti lọ nìyẹn. Oníbàárà kan ní, "Ewé ni kí n fi sétí? Kí ewúrẹ́ wá já a gbà?" Ó kúkú rà á.

Ó wá di ọjọ́ kan, ìyá ẹ̀ gbé èso gbígbẹ kan wá, tó rí bí àtàǹpàkò. Abẹ́ igi létí odò ni bàbá Aṣawé ti fún un, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dẹnu kọ ọ́. Bàbá ti kú, wọ́n ti gé igi náà. Láràárọ̀ ni màmá ń mì ín sétí, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. "Bàbá yín ń kí mi."

"Kòkòrò ti ń jẹ ẹ́ nídìí," màmá ní. "Bá mi sọ ọ́ di fàdákà."

"Màmá, wóró inú ẹ̀ á jóná. Kò ní dún mọ́ láé."

"Ó sàn ju kó di ìyẹ̀fun lọ."

Aṣawé á gbé e, á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ò gbà á.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, màmá ṣáájú ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ó rí eruku lára èso, ló bá fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sá a sóòrùn lójú fèrèsé. Nígbà tó dọ̀sán, pàà! Ó là sí méjì. Wóró fọ́n sílẹ̀.

Màmá káwọ́ lórí. "Yéè, mo ti pa á! Mo ní ẹni tó ń lọ ṣe ọ̀ṣọ́, kó kọ́kọ́ wẹ̀ ni!"

Aṣawé sáré wọlé, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n ń ṣa wóró láàárín ẹ̀rún fàdákà. Lójijì ni Aṣawé gbé èèpo méjèèjì sókè.

"Màmá, ẹ dìde. Èèpo nìkan ló máa wọná báyìí. Wóró ti bọ́."

Ó yọ́ fàdákà dà sáyè èèpo méjèèjì. Kò fi iná jó wọn pọ̀, kí wóró má baà jóná. Ó kó wóró sínú, ó dá ihò wẹ́wẹ́ sí etí èèpo, ó fi wáyà tín-ín-rín gán an bí ẹni ń gán igbá.

Màmá mì ín sétí. Ó tún un mì.

"Ohùn ẹ̀ ti yí."

Aṣawé na ọwọ́ kó gbà á. "Ẹ má bínú, màmá."

"Bínú kẹ̀?" Ẹ̀rín ti gba ẹnu màmá, omi ti gba ojú ẹ̀. "Bàbá yín ti dolówó ni. Gbọ́ bó ṣe ń dún woroworo bí owó nínú àpò."