Orúkọ Tí Màmá Sọ Àdìrẹ, àti Orúkọ Tí Oníbàárà Ń Pè É

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ráyè, kó fara balẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ohun tójú mi rí lórí àwòrán tí mò ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè kánjú sọ ọ́.

Ọmọ Òwu níbí ni Màmá mi, aládìrẹ sì ni wọ́n. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi tà á ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé pánù ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á gé àwòrán sára pánù, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, wọ́n á fi ẹ̀kọ kùn ún. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Màmá fọwọ́ ara wọn gé mọ́kànlá nínú pánù wọn. Kò sì sí ọ̀kan tí kò lórúkọ nínú wọn. Ìyá tèmi kì í gé pánù kí wọ́n má sọ ọ́ lórúkọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹyẹ méjì ló wà lára rẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, ewé ẹ̀gẹ́ wà láàárín. Orúkọ tí Màmá sọ ọ́ ni Orogún Kì í Kíra Wọn. Ìyàwó kejì ni Màmá nílé bàbá wa. Mo rò pé ẹ ti gbọ́ ìyókù.

Nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro Màmá, tí wọn ò lè tọwọ́ bọ aró mọ́, mo ní kí n wá nǹkan ṣe. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé. Mo ya àwọn pánù náà ní fọ́tò, mo tún wọn yà sínú kọ̀ǹpútà, mo gbé wọn sórí sáìtì kan táwọn èèyàn ti ń ra àwòrán tí wọ́n lè tẹ̀ sára aṣọ tàbí kọ́tìnì. Màmá gbà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: mi ò gbọdọ̀ yí orúkọ kankan padà.

Mi ò yí i. Mo kọ Orogún Kì í Kíra Wọn sórí àwòrán. Sáìtì náà wá ní kí n kọ kíwọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá nǹkan lè tẹ̀ kó fi rí i. Kí lẹ rò pé mo kọ? Ìyá mi. Ọgbọ́n àgbà. Ẹwà. Ọlọ́run tóbi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ó dùn létí mi nígbà yẹn.

Oṣù kan lọ, ìkejì lọ, ìkẹrin wọlé. Ẹnikẹ́ni ò rà. Lójoojúmọ́ tí Màmá bá kírun Alásárì tán, wọ́n á bi mí bóyá ẹnì kan ti yà síbẹ̀. Màá ní kò tíì sí. Wọ́n á ní ó dáa.

Lọ́jọ́ kan, wọn ò bi mí mọ́. Wọ́n ní kí n kó àwọn pánù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri tó ń ra irin àlòkù máa kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kó wọn fún un ni?

"Sìkírá," wọ́n ní, "ọjà tí gbogbo ayé kọjá lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, kí ló ń gba àyè nílé fún? Ojú àwọn èèyàn ti kúrò lára tèmi."

Wọn ò bínú. Bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, Rìsíkátù wá gba káàdì ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Télọ̀ ni, ní Kútọ̀, kọ́tìnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń rán. Bó ṣe jókòó ló ń ráhùn pé òun ti ń wá àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́yẹ fún kọ́tìnì oníbàárà kan lórí sáìtì tí mo gbé tiwa sí, pé èyí tóun rí, ẹni tó yà á ò dé ilẹ̀ yìí rí. Ó fi hàn mí. Ẹyẹ náà jọ tòlótòló tó ń ṣàìsàn.

Mo ní, "Rìsí, tiwa wà níbẹ̀ kẹ̀. Orí sáìtì yẹn náà ni."

"Àǹtí, kò sí níbẹ̀ o. Mo wá a dé ìsàlẹ̀."

Ó tẹ ohun tó ti ń tẹ̀ látàárọ̀: àdìrẹ, aró, ẹyẹ méjì, ewé ẹ̀gẹ́. Tiwa ò jáde. Ó ní kí lorúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́. Rìsíkátù wò mí, ó wo fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ta ló fẹ́ ra kọ́tìnì tí á wá lọ tẹ orogún?"

Ó tẹ orogún síbi tí wọ́n ti ń wá gbogbo nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àdúrà ìṣẹ́gun ló kọ́kọ́ jáde, ìmọ̀ràn fún ìyàwó ilé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fíìmù kan tí obìnrin méjì ti ń fa ara wọn nírun.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní Ìtòkú, Màmá ló máa ń dúró ti aṣọ wọn. Oníbàárà á kọ́kọ́ rí ẹyẹ, kí Màmá tó wá fi orúkọ pa á lẹ́rìn-ín. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ta ló dúró ti aṣọ? Mo ti gbé orúkọ síwájú, mo fi ẹyẹ pamọ́ sẹ́yìn.

A wọlé tọ Màmá. Mo ṣàlàyé pé a fẹ́ tún un kọ báyìí: Àdìrẹ aró, ẹyẹ méjì tó kẹ̀yìn síra wọn, ewé ẹ̀gẹ́ láàárín. Màmá gbójú sókè.

"Ẹyẹ? Èwo ni ẹyẹ níbẹ̀? Ìyáálé mi nìyẹn. Èmi nìyí."

Mo ní kí wọ́n má bínú, pé àwọn èèyàn ò rí i ni.

"A kì í gba orúkọ lára ọmọ torí pé àlejò ò lè pè é," wọ́n ní.

Rìsíkátù ló kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní, "Màmá, ẹni tó bá wá sí ìsọ̀ yín nígbà yẹn, tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, báwo ló ṣe máa ń béèrè ẹ̀?"

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará Wásinmi máa ń ní káwọn fún wọn ní ẹlẹ́yẹ oníjà. Ìyàwó lèmọ́mù kan máa ń béèrè aláró dúdú tó léwé ẹ̀gẹ́. Àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín máa ń ní ti ẹyẹ méjì yẹn, tó ṣeé tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lẹ wá máa ń sọ fún wọn?" Rìsíkátù bi wọ́n.

"Kí ni màá sọ? Màá mú un fún wọn. Tí wọ́n bá ti jókòó, màá wá sọ orúkọ ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohun tẹ́nu ara wọn sọ, Màmá ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá.

Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ nìyẹn, tí mò ń tẹ̀ ẹ́. A mú pánù lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí oníbàárà máa ń pè é. Ohun tójú rí la fi ṣe àkọlé: kí ni, àwọ̀ wo, kí ló wà lára rẹ̀. Orúkọ tí Màmá sọ ọ́ àti ìtàn rẹ̀ wá wà nísàlẹ̀, níbi téèyàn ti ń ka àlàyé. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀nà méjèèjì làwọn èèyàn ń gbà wá nǹkan.

Ojúkòkòrò mú mi níbì kan. Mo fi ẹja kún kíwọ́ọ̀dù ẹyẹ, kí àwọn tó ń wá ẹja lè yà síbẹ̀. Màmá ní, "Ẹja dà?" Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, pé ẹni tó bá polówó iṣu, tí a ṣí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tí a bá ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tó máa dúró bá a nájà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, orí pánù kẹfà la wà nígbà tí ọkùnrin onírin dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kígbe. Àwọn pánù ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wo Màmá. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé kò sí irin nílé yìí, kí n sì tètè padà, àwọn ò tíì parí ọ̀rọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ẹnì kan tó ra àwòrán ẹlẹ́yẹ náà. Obìnrin kan láti Ìlọrin ni. Ó kọ̀wé sí mi pé ẹyẹ lòun ń wá tóun fi rí i, pé ìgbà tóun ka ìsàlẹ̀ lòun bú sẹ́rìn-ín, torí ìyáálé lòun nílé ọkọ òun. Mo kà á fún Màmá. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní kí n kí i dáadáa.

Àwọn méjì mìíràn ti rà á látìgbà náà. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n pánù ò jáde kúrò nílé.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: àkọlé wà fún ẹni tí kò tíì mọ ọjà wa. Ìtàn wà fún ẹni tó ti jókòó. Èmi ti fi èkejì ṣáájú, ó sì kù díẹ̀ kí n kó iṣẹ́ ìyá mi fún onírin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta nǹkan lórí fóònù ńkọ́? Kí ni oníbàárà yín máa ń pe ọjà yín kó tó mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Màá kà á sókè fún Màmá.