Ìwé Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Omi

Omi ti kan mi lórúnkún nígbà tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ kẹta kúrò ní pálọ̀ Mọ́mì Tíṣà. Apẹ̀rẹ̀ tí màmá mi fi ń kó tòmátì wá láti ọjà Mile 12 ni, òórùn tòmátì tó ti jẹrà ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ló kún inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Odò ti ya wọ àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Owódé Onírin. Àwọn ará ilé ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀. Mọ́mì Tíṣà nìkan ló ń kó ìwé.

Mọ́mì Tíṣà la máa ń pè wọ́n. Mi ò mọ orúkọ wọn gan-an títí wọ́n fi kó lọ. Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, yàrá àti pálọ̀ tí wọ́n gbà kọjú sí tiwa. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá gbà wọ́n láyè, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra bébà àlòkù lójú ọ̀nà Owódé, wọ́n á jókòó lórí àpótí, wọ́n á máa tú òkìtì ìwé tí àwọn yẹn fẹ́ fi òṣùwọ̀n tà. Ìwé nípa bí òyìnbó ṣe gba ilẹ̀ wa ni wọ́n ń wá.

Ṣáájú ìgbà tí omi dé, mo ti bi wọ́n pé èwo ló dára jù kí n fi ṣe asáínmẹ́ǹtì. Tíṣà wa ní ká kọ àǹfààní tí òyìnbó ṣe fún wa.

“Kọ́kọ́ wo ẹni tó kọ ọ́,” ni wọ́n wí. “Níbo ló dúró sí nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀? Ta ló ń san owó oṣù fún un?”

Wọ́n fún mi ní méjì. Ọmọ ilẹ̀ wa ló kọ ọ̀kan. Èkejì jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ búráùn, òyìnbó kan tó ti ṣe ọ̀gá ìjọba níbí ló kọ ọ́. Òyìnbó náà pe àwọn baba wa ní ọ̀lẹ, ó ní bí ọmọdé ni wọ́n. Mi ò kà á dé ìdajì tí mo fi dá a padà.

Nígbà tí mo wá rí i tó ń léfòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ omi yẹn, mo wò ó, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi kọjá.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọn ò tíì kọ́ parí wà lẹ́yìnkùlé, òkè rẹ̀ la kó gbogbo ìwé sí. Mọ́mì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Aláwọ̀ búráùn yẹn dà?”

“Mi ò rí i, mà.”

Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n di ògiri mú, wọ́n sọ̀kalẹ̀ padà sínú omi. Láti òkè ni mo ti rí i tí ẹsẹ̀ wọn yọ̀, tí wọ́n fìdí jókòó sínú omi, tó mù wọ́n dé àyà. Mo sáré lọ bá wọn.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́. Mo rí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.”

“Nítorí kí ni?”

“Ó bú wa.”

Wọ́n na ọwọ́ sí mi. “Fà mí dìde ná. Lẹ́yìn náà, lọ mú un wá.”

Nígbà tí oòrùn yọ, ìwé náà ni wọ́n ní ká kọ́kọ́ sá. A ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ya àwọn ewé rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀; ó ń rùn bí omi gọ́tà. Níbì kan wọ́n dá mi dúró, wọ́n sì túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi sí Yorùbá. Òyìnbó náà ń fọ́nnu pé òun ní kí wọ́n dáná sun abà ìlú kan tó kọ̀ láti fi ènìyàn sílẹ̀ ru ẹrù, àti pé lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará ìlú náà rù ú láìgba kọ́bọ̀.

“Bàbá màmá mi wà lára wọn,” ni Mọ́mì wí. “Wọn ò mọ̀ọ́kọ, wọn ò mọ̀ọ́kà. Wọ́n sọ ọ́ títí, àwọn kan ní irọ́ ni. Ìgbà tí mo rí ìwé yìí ni mo tó rí nǹkan fi pa àwọn yẹn lẹ́nu mọ́. Òyìnbó náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. O wá fẹ́ kí omi gbé ẹlẹ́rìí mi lọ?”

Mo tún mú ẹyọ ìgbálẹ̀, mo ya ewé tó kàn.

Mo kọ asáínmẹ́ǹtì náà, mo fi ọ̀rọ̀ àwọn aláàárù sí i. Máàkì tí mo gbà ò tó nǹkan, àǹfààní ni tíṣà wa sáà béèrè. Mọ́mì kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún sípẹ́lì mi ṣe. Kí òjò ọdún kejì tó dé, ọmọ wọn wá mú wọn lọ sí àdúgbò Anthony. Mi ò rí wọn mọ́.

Èmi náà ti ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi báyìí. Mo máa ń ra ti ẹni tó ṣe nǹkan náà mọ́ ti ẹni tí wọ́n ṣe é sí, kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Bí mo bá ń ka ti àkọ́kọ́, inú ṣì máa ń bí mi, bíi ti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Mo kàn ti mọ bí èèyàn ṣe ń ṣí ojú ewé tó kàn pẹ̀lú ìbínú yẹn nínú ni.