Kànga Ìdí Ààlà

Iṣẹ́ mi ní Ìlaró ni kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé òfin kan wà kí ìjọba kankan tó dé. Ọkàn ènìyàn mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé e, torí ire gbogbo ayé ló wà fún. Mo mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Nílé, ẹ̀wẹ̀, mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Lọ́dún tí ọ̀dá dá, mo lọ sílé wa ní Ìjoùn, lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀. Kànga wa nìkan ló kù tó lómi. Obìnrin kan láti òdìkejì ààlà ń wá fa omi níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò so kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì mọ́ kẹ̀kẹ́, yóò máa tì í lọ. A kì í ti kànga ládùúgbò wa. Ẹni tó bá dé ló ń fà. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti ń bá korobá wá sókè, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ní kí n sọ ohun tí òfin wí: ṣé ká tì í mọ́ ará Bẹ̀nẹ̀?

Èmi ti dá ẹjọ́ náà nínú ara mi. Ta ló ń lo omi tó tó yẹn, bí kò bá ń tà á?

Màmá mi ní, “A kì í fi omi du ènìyàn. Gbogbo ìwé tó o kà, o ò rí ìyẹn níbẹ̀?”

“Màmá, páńsá ò fura, páńsá já iná.”

“Ó dáa, lọ fura.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé obìnrin náà, mo ń ṣe bí ẹni tó ń lọ wo oko. Ó kọjá ààlà, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè. Ìyẹn pàápàá bí mi nínú. Oòrùn mú, ọ̀nà jìn, mi ò sì mú omi dání. Nígbà tó yà sábẹ́ igi kan, mo ní ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.

Àmù méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú igbá. Ó da kẹ́ẹ̀gì kan sínú wọn tán. Ọkùnrin kan tó ru ẹ̀gẹ́ dé, ó bu omi mu, ó dúpẹ́, ó ń lọ. Kò san kọ́bọ̀. Ará Ìjoùn ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn. “Bonjour, ẹ̀gbọ́n. Láti ìdí kànga lẹ ti ń tẹ̀ lé mi. Ìyá mi ló gbé àmù yìí síbí fún ẹni tó bá ń kọjá. Kànga tiwa ló gbẹ. Ẹ mu omi.”

Ojú tì mí gidigidi. Síbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n bi í pé èló ni. Mo mu ún tán, mo tún na igbá sí i.

Nírọ̀lẹ́, àwọn mọ̀lẹ́bí pé jọ, wọ́n bi mí pé kí ni òfin wí. Mo ní òùngbẹ gbẹ mí lọ́hùn-ún, ará Bẹ̀nẹ̀ sì bu omi kànga wa fún mi mu.