Àpótí Tí Ìyàwó Ilé Kò Lè Dárúkọ

Ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ fi kúbùsù bo ẹsẹ̀ yín. Ìtàn tèmi lónìí kò yà sọ́dọ̀ ehoro, kò sì dé ilé kìnnìún. Inú yàrá tí a jókòó sí yìí ló ti ṣẹlẹ̀, ìyàwó ọmọ mi ló sì dá lé lórí, Matlotliso.

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tó wọlé wa ni a fún un, bí gbogbo ilé ti ń ṣe fún ìyàwó ní ilẹ̀ Lesotho. Ìyá Tlotliso ni a pè é, nígbà tí Tlotliso kò tíì sí nínú oyún, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ bóyá yóò dé. Ó dé o. Ó ti ń lé àgùntàn kiri báyìí.

Iṣẹ́ Matlotliso ni kí ó máa wo kọ̀ǹpútà sàn. Láti orí òkè Semonkong wá sí ìsàlẹ̀ odò, kò sí tíṣà, kò sí nọ́ọ̀sì tí kò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọn a gun ẹṣin wá, wọn a ti wé kọ̀ǹpútà sínú kúbùsù, wọn a gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Bí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, pé kí ni wọ́n fún un jẹ gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kíní á yanu. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ni wọ́n fọwọ́ kàn kó tó dákú. Wọn a ní àwọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà náà ni yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa mi páànù òrùlé. Ó ní òun ò tíì rí kọ̀ǹpútà tó dédé ṣàìsàn rí. Ọwọ́ ènìyàn kan máa ń wà níbẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé báwo ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí ọ̀nà, tí yóò fi kúrò lórí tábìlì wa tí yóò bá Lefa, ọmọ mi kékeré, sọ̀rọ̀ ní Durban létí òkun. Ó ní ká ní mo fẹ́ lọ kí ẹnì kan tí mo mọ orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí n kò mọ ilé rẹ̀. Ta ni màá bi? Mo ní darandaran ni, nítorí kò sí ihò òkè tí àwọn darandaran ò mọ̀.

“Kọ̀ǹpútà náà ní darandaran tirẹ̀, Ìyá,” ló wí. “Orúkọ là ń pè fún un, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló fi ń mọ ilé. Bí mo bá dárúkọ ibi tí mo fẹ́ lọ, á sáré lọ bi darandaran pé, lágbájá dà? Darandaran á ka nọ́ńbà ilé fún un. Bí kò bá rí darandaran bi, á kàn dúró síbẹ̀ bíi màlúù tó sọnù ni.”

Darandaran yẹn ni àpótí pelebe tó wà lójú fèrèsé wa, tí iná wínńwínní ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Àpótí nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ó sì ní orúkọ. Ọkọ Matlotliso ló sọ ọ́ lórúkọ bàbá rẹ̀, Sekhobe, láti fi yẹ́ ẹ sí. Bí o bá fẹ́ gba ojú afẹ́fẹ́ lọ bá àpótí náà, orúkọ yẹn ni yóò yọ lójú fóònù rẹ tàbí lójú kọ̀ǹpútà rẹ, wàá sì tẹ̀ ẹ́.

Sekhobe ni ọkọ mi. Èmi lè pe orúkọ rẹ̀, pàápàá bí inú bá ń bí mi. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ìyàwó kì í dárúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, àní ọ̀rọ̀ tó bá jọ orúkọ náà ó gbọ́dọ̀ yà fún un. Àgbàdo àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, likhobe ni à ń pè é; Matlotliso kò lè sọ ọ́. “Àwọn oníhóró” ló ń pè é. Bí ó bá ní òun ti gbé oníhóró kaná, gbogbo wa ti mọ̀.

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an, orúkọ bàbá ọkọ mi ni wọ́n fún àkọ́bí mi, ọkọ Matlotliso yìí. Títí irun mi fi funfun, n kò pè é rí. Àgbà Ọmọ ni mò ń pè é. Nígbà tó kéré tó ń sọnù nínú kùrukùru, orí àpáta ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa pariwo “Àgbà Ọmọ! Àgbà Ọmọ!” tí àgbà ọmọ gbogbo ilé tó yí wa ká á sì máa jẹ́ mi lóhùn.

Ó wá di ìgbà òtútù tó kọjá. Ìyàwó Lefa, Mapalesa, bí ọkùnrin ní Durban. Palesa ni àkọ́bí wọn, obìnrin ni. Bí a bá ka Tlotliso, èyí ni ọmọkùnrin kejì láàárín àwọn ọmọ-ọmọ wa. Ọwọ́ Sekhobe ni orúkọ rẹ̀ wà, gbogbo ayé sì ti mọ orúkọ tí yóò fún un: tara rẹ̀ ni. Ó ti ń fi hàn láti ìgbà tí oyún ti wà nínú. Yóò kàn dédé sọ pé orúkọ rere kì í gbó.

Òun ìbá ti lọ sí Durban fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò dídì bo ọ̀nà òkè pátápátá. Lefa sì rèé, ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni ọkọ̀ wọn yóò ṣí, oṣù púpọ̀ ni kó tó padà. Ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ wà láìlórúkọ kí bàbá rẹ̀ kọjá omi. Bí ilé wa kò bá fún un lórúkọ, àwọn àna wa yóò fún un ní tiwọn kí Lefa tó lọ, ìtìjú yẹn yóò sì jókòó tì wá lẹ́nu ọ̀nà títí.

Ẹ ní kí ló dé tí Sekhobe ò fi sọ ọ́ lórí fóònù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní òun kò sọ ọmọ tí òun ò rí ojú rẹ̀ lórúkọ rí, òun ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni tiwa, kì í fi ojú ènìyàn hàn. Èyí tó ń fi ojú hàn wà lọ́wọ́ Àgbà Ọmọ, ó sì ti gbé e lọ sókè níbi tó ti lọ gba àgùntàn lọ́wọ́ òtútù. Ó wá ku kọ̀ǹpútà.

Ni ọkọ mi bá wọ kúbùsù tó fi gbéyàwó, ó dé fìlà koríko, ó sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ baálẹ̀. Matlotliso tan án. Ó pe orúkọ ibi tí à ń gbà rí ojú ara wa. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ibẹ̀.

Ó tún un pè. Kọ̀ǹpútà tún ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ó kọ́kọ́ wo wáyà, ó tì í wọlé dáadáa. Ó wo iná àpótí, ó ń ṣẹ́jú bó ti yẹ. Ó pa àpótí, ó tan án. Kò sí àyípadà. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn ènìyàn ń gun ẹṣin kọjá òkè méjì wá bá a, àṣé ti ilé rẹ̀ ni yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Bàbá, dókítà kì í fún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́,” ni Matlotliso fèsì, kò gbójú sókè.

“Fún ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ náà, kó gún ọ.”

Lefa pe fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn àna ti jókòó, bàbá Mapalesa sì ti ń tún ohùn ṣe. Mo mọ bàbá Mapalesa. Bí ó bá ti ń tún ohùn ṣe, ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀.

Matlotliso ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ṣí ojú kan nínú kọ̀ǹpútà tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ó kọ nọ́ńbà sí i. Ó ní òun ń kan ilẹ̀kùn àpótí ni. Àpótí dáhùn. Ó kọ nọ́ńbà mìíràn, ti ibì kan tó jìnnà réré tó ti há sórí. Ibẹ̀ náà dáhùn. Ó wá pe ibẹ̀ kan náà lórúkọ, kọ̀ǹpútà ní òun ò gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wò mí, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní ọ̀nà kò dí. Ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà dá ṣáká. Darandaran ni kò rí bi. Ṣùgbọ́n darandaran nìyí lójú fèrèsé tó wà láàyè tó ń ṣẹ́jú! Àgbà Ọmọ sì ti fi fóònù rẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ gbogbo ibi tó fẹ́, títí tó fi gòkè. Ta wá ni kọ̀ǹpútà ń bi?

Ó wá ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹni tó ń bi sí. Ó rí i. Ó fa kúbùsù bojú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni, mo dìde. Ẹ̀rín ni.

“Ìyá, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Ọwọ́ èmi ni.”

Ó sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jókòó tì wá tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí wálé, Matlotliso kò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ojú afẹ́fẹ́, torí á ní láti máa fi ìka tẹ orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń tẹ kòkòrò. Ó na wáyà sí i. Kò dá a dúró síbẹ̀. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè pé ta ni kí òun máa bi ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, a lè fi í sílẹ̀ kó máa bi àpótí èyíkéyìí tó bá bá nílé. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rù pé orúkọ yẹn yóò tún yọ jáde níbẹ̀. Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà àpótí síbẹ̀, orúkọ kúrò ńlẹ̀. Ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí òtútù tó dé, àrá pa àpótí àkọ́kọ́. Àgbà Ọmọ ra òmíràn, ó tún sọ ọ́ ní Sekhobe. Orúkọ kan náà ni, àmọ́ nọ́ńbà tirẹ̀ yàtọ̀. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ti àwọn oníbàárà ni Matlotliso ń tún ṣe. Kò rí àyè tan ti ilé.

“Òkú darandaran ló ń bi lọ́nà, Bàbá,” ló wí lábẹ́ kúbùsù. “Ó dúró lẹ́nu ọgbà rẹ̀ tó ti ṣófo, ó ń kígbe.”

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan etí fìlà rẹ̀. “Ìwọ nìyí tó máa ń bi àwọn ènìyàn pé kí ni wọ́n fún un jẹ,” ló sọ. Ó wá ní, “Orúkọ mi ló wá dínà.”

Matlotliso ní rárá, ọwọ́ òun ni. Ó pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Ó ní òun lè kọ tuntun síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àrá bá tún pa èyí, ibi tí a wà yìí náà la ó tún padà sí. Ó fi í sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà máa bi ẹni tó bá bá nílé. Ó ní kó gbàgbé gbogbo ohun tó ti há sórí, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó pe Durban.

Ojú Lefa yọ, ó tóbi tó gbogbo tábìlì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àna, wọ́n to ara wọn bí eyín. Lẹ́yìn náà ni Mapalesa gbé ọmọ súnmọ́. Ó pupa, ó hunjọ, ó sì dijú bí ẹni pé àwa ni kò fẹ́ rí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Mapalesa pa ẹnu dé.

Ọkọ mi wo ọmọ náà pẹ́. Gbogbo wa ń retí Sekhobe. Mo ti gbé likhobe kaná láti àárọ̀ nítorí rẹ̀.

“Mapalesa,” ló wí, “bí mo bá fún un ní tèmi, kí lo ó máa pè é?”

Ojú ti Mapalesa. “Màá wá nǹkan pè é, Bàbá.”

“Ìyá rẹ tó jókòó níbí náà wá nǹkan pe àkọ́bí tirẹ̀,” ni ọkọ mi sọ. Kò wò mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wá sórí orúnkún mi. “Ó dúró lórí àpáta, ó ń pariwo, gbogbo ọmọ àgbègbè sì ń dá a lóhùn àfi èyí tó bí. Mo rò pé ẹ̀rín ni nígbà náà. Àpótí lásán, ẹ wò ó bí orúkọ mi ti so ọwọ́ ìyàwó ilé mi. Ọmọ kì í ṣe àpótí. Pitso ni orúkọ rẹ̀.”

Pitso ni ìpàdé tí olóyè máa ń pè, tí gbogbo ìlú á fi wá, àgbà àti ọmọdé, ìyàwó àti àna. Kò sí ẹni tí kò lè pè é. Mapalesa pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un pè. Ó ń pè é lọ tó fi di pé ọmọ lajú, tí Lefa fi nu ojú ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi rán an létí pé ọkọ̀ ń dúró dè é.

Àpótí wa náà ti gba orúkọ tuntun. Sekhobe ní kí Matlotliso sọ ọ́ ní ohun tó wù ú, ó sì sọ ọ́ ní Oníhóró. Àwọn tó ń gun ẹṣin wá máa ń rí i lójú fóònù wọn, wọn a béèrè ìdí, Matlotliso a sì bọ́ wọn lóúnjẹ dípò ìdáhùn.

Nígbà tí ọ̀nà òkè ṣí, wọ́n gbé ọmọ náà wá. Mo gbé e jáde síta, mo gun orí àpáta mi àtijọ́, mo sì pariwo orúkọ rẹ̀ tán pátá, láti orí dé ìdí. Gbogbo òkè dá mi lóhùn: Pitso.