Àjẹ́ Tó Ń Gbé Búrẹ́dì Wá

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́búlẹ́bú igi páìnì ti bo gbogbo Riverdale. Ẹni tó bá ti gbé Atlanta nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ dúdú á di aláwọ̀ ìyeyè, bí ẹni pé ẹnì kan dúró lókè tó ń ku gàrí elépo sórí wa. Oòrùn ti yọ, atẹ́gùn ṣì tutù díẹ̀, imú ń yún mi. Mò ń fi omi fọ àga tí mo máa ń jókòó lé lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọmọ mi obìnrin ti ibi iṣẹ́ òru dé. Nọ́ọ̀sì ni. Ó yẹ kó lọ sùn, ṣùgbọ́n ó dúró, ó nawọ́ sí àgbàlá aládùúgbò wa.

“Màámi, ẹ wá wo ẹbọ.”

Mo wò ó. Ẹyin ni lóòótọ́. Wọ́n kùn ún ní pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé, wọ́n tò ó sínú koríko, ó yí àbẹ́là kan ká.

Obìnrin òyìnbó kan ló ni àgbàlá yẹn. Opó ni, ó ń ṣiṣẹ́ ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú ní College Park. Láti ìgbà òtútù tó kọjá la ti di ọ̀rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, kò sì gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣe búrẹ́dì, á gbé èyí tó gbóná wá fún mi lórí ọgbà, èmi náà á já ẹ̀fọ́ fún un. A ó jókòó, a ó máa tọ́ka sí nǹkan, a ó máa rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ mi bá ń sùn lọ́sàn-án, òun nìkan ni ẹni tí mò ń rí bá sọ̀rọ̀.

Àfi bí ọmọ mi ṣe ka ohun tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ obìnrin náà lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ya ìgbálẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ìgbálẹ̀ ni ọkọ̀ kejì ẹni tó ni ín. Ọmọ mi, tó mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ni àjẹ́ òyìnbó ń gùn fò, fi ẹ̀rín bi í léèrè bóyá àjẹ́ ni. Obìnrin náà dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àjẹ́ lòun, Wíkà lẹ̀sìn òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọmọ Èkìtì lòun.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi kò ti sùn dáadáa mọ́. Ó lọ wo ilé tuntun ní Dacula, ó mú mi dání. Ilé náà dára, ṣùgbọ́n kò sí igi kan níbẹ̀ tó ga jù mí lọ, n kò sì rí ẹnì kankan níta. Ó ní bó bá ti dá òun lójú pé obìnrin yìí ń ṣe nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun á tọwọ́ bọ̀wé ilé náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyẹn ni pé efinrin mi, ẹ̀fọ́ mi, àti ẹni tí mò ń bá jókòó, ó dìgbóṣe.

Ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀. Ó ní ṣé n kò rí àwọn ẹyẹ tó ń wá bá obìnrin náà láràárọ̀ ni. Mo ní ó ń fún wọn lóúnjẹ ni. Ó ní ìgbálẹ̀ tó gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ńkọ́. Ó wá kan ẹyin àárọ̀ yìí. Mo rán an létí pé lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, pásítọ̀ wa fúnra rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ẹyin aláràbarà pamọ́ sínú koríko ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọmọdé.

“Ìyẹn yàtọ̀, Màámi. Ike nìyẹn.”

Àṣé ike ni Ọlọ́run ń wò.

Kì í ṣe pé ọkàn tèmi balẹ̀ o. Oúnjẹ ni gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n fi ń múni wọ ẹgbẹ́, mo sì ti jẹ búrẹ́dì rẹ̀ títí. Mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ kan, mo tẹ́tí sí ikùn mi. Kò sọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ di ẹyẹ ni, ìyẹ́ ì bá ti hù.

Mo wá sọ fún ọmọ mi pé ká lọ bi í. Nílé, ta ló jẹ́ bèèrè? A kì í tilẹ̀ dárúkọ wọn, àwọn àgbà là ń pè wọ́n, ẹni tó bá sì jẹ́ ọ̀kan kì í gbà. Ẹni tó wá fi tirẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ló dé tí a ò lè bi í? Obìnrin náà sì ti jáde, ó mú ife tíì lọ́wọ́, ó ń sín. Mo ní kí ọmọ mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi bó ṣe rí, kó má fi ata sí i, kó má fi ṣúgà sí i.

“Bi í bóyá ó máa ń fò.”

“Màámi, mi ò lè bi èèyàn bẹ́ẹ̀.”

“Bi í.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára. Ó ní bí òun bá lè fò ni, kí lòun ń ṣe nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láràárọ̀? Ó ní ìgbálẹ̀ yẹn, òun fi ń gbá ibi tí òun ti fẹ́ gbàdúrà ni, kì í tilẹ̀ kan ilẹ̀. Ìgbálẹ̀ tí kì í kan ilẹ̀! Nínú gbogbo ohun tó sọ, ìyẹn nìkan ló bà mí lẹ́rù.

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ bèèrè nípa Sátánì. Obìnrin náà ní ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ni ín, kò sí nínú tàwọn. Òrìṣà obìnrin kan àti ọkùnrin kan làwọn ń ké pè, àwọn sì ń bá òṣùpá àti ìgbà lọ. Ẹyin tó wà nílẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀sán àti òru ti dọ́gba ni, òtútù ń lọ, nǹkan fẹ́ hù. Ìràwọ̀ onígun márùn-ún tó fi kọ́ ọrùn, ó ní ilẹ̀, afẹ́fẹ́, iná, omi àti ẹ̀mí ló dúró fún. Ó ní òfin àwọn ni pé kí èèyàn má ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, torí ohun tó bá rán jáde á padà bá a ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà sì fọwọ́ lé àyà.

Mo bèèrè pé baba ńlá wo ló fi ẹ̀sìn náà lé wọn lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ wo inú ife. Ó ní àwọn kan ń sọ pé ó ti wà láti ayébáyé, ṣùgbọ́n òyìnbó ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló mú un wá sí gbangba, ó sì ṣa díẹ̀ níbí, ó ṣa díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní kò ju nǹkan bí àádọ́rin ọdún lọ; nígbà tí ọkùnrin náà mú un jáde, mo ti ń fi orí ru omi. Ẹ̀rín pa mí. Ohun tí à ń sá fún bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹgbẹ́ mi ni!

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bèèrè ohun tó ń fi sínú búrẹ́dì. Obìnrin náà ní fúláwà, iyọ̀, ìwúkàrà, ewé olóòórùn kan.

Ọmọ mi ní ṣé kì í sọ nǹkan sí i?

Obìnrin náà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun máa ń sọ nǹkan sí i bí òun bá ń pò ó. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ó ní kí ló máa ń sọ?

Obìnrin náà fèsì, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kí ló wí.

“Ó ní òun máa ń ní kí ìyá àgbà ilé kejì má dá wà.”

A wọlé. Ọmọ mi bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó wá ní ó dáa, òun kò ní tọwọ́ bọ̀wé ilé Dacula mọ́. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ilé obìnrin yẹn kò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́. Mo ní mo gbọ́. N kì í bá ẹni tí kò tíì sùn jiyàn.

Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń sùn lọ́wọ́, mo lọ dúró létí ọgbà, mo pe obìnrin náà, mo fi hàn án pé ọwọ́ òfìfo ni kó mú wá. Nínú ilé ìdáná wa, mo gbé fúláwà wa sílẹ̀, iyọ̀ wa, ìwúkàrà tí mo fi ń ṣe pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Mo já efinrin mi, mo fọ̀ ọ́. Ó pò ó, mo ń bu omi sí i. Nígbà tó yá, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń sọ nǹkan sí i. Èmi náà gbàdúrà tèmi sí i lórúkọ Jésù, kí tiwa má baà kéré níbẹ̀.

Òórùn rẹ̀ ló jí ọmọ mi. Ó bá búrẹ́dì lórí tábìlì, ó ní níbo ló ti wá. Mo ní látinú ófùnù wa ni. Ó wò mí, ó wo fúláwà tó dà sórí àga kejì, níbi tí aládùúgbò wa jókòó sí. Mo sún bọ́tà mọ́ ọn.