Ìrọ̀lẹ́ tí Crispín Ṣe Sátánì Kẹ́yìn

Ẹ ní ìgbà wo ni mo wo eré orí ìtàgé kẹ́yìn, àti pé ṣé mo gbádùn ẹ̀. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ni, lọ́sẹ̀ Kérésìmesì tó kọjá, eré àwọn olùṣọ́-àgùntàn tí à ń ṣe lọ́dọọdún. Gbogbo ìlú gbádùn ẹ̀. Èmi ò gbádùn ẹ̀ rárá, àyà mi ò sì tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ Amparo ni. Aládùúgbò mi ni, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa. Aṣọ ló ń rán. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Tó bá wá kí mi, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa ẹ̀wà kó tó béèrè àlàáfíà mi. Crispín ọkọ ẹ̀ ń sun bíríkì, àmọ́ tí Kérésìmesì bá ti dé, òun ni Sátánì. Ìbòjú onígi oníwo méjì tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló máa ń wọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bá a du ipò yẹn.

Nínú eré wa, Sátánì ni kì í fẹ́ káwọn olùṣọ́-àgùntàn dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ó ní ewì tó gbọ́dọ̀ kọ́ sórí. Àmọ́ tí eré bá dáàárín, á sọ̀kalẹ̀ wá bá àwa òǹwòran, á máa fi ohun tí kálukú ṣe láàárín ọdún bú u. Ẹni tó bá bú gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Bó ṣe rí Amparo fẹ́ nìyẹn. Lọ́dún kan, Sátánì ní aṣọ Amparo gùn débi pé ó ń bá Fáda gbálẹ̀ ọgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Amparo ní kó mú ìrù ẹ̀ wá, káwọn jọ gbá a. Kò pẹ́ lẹ́yìn Àjíǹde táwọn ẹbí Crispín fi wá tọrọ ẹ̀ fún un. Láti ìgbà yẹn, kò sọ́dún kan tí Sátánì kì í wá bú u níbi tó jókòó sí, ohun táwọn èèyàn sì máa ń retí jù nìyẹn.

Ẹnu àìpẹ́ yìí ni Crispín bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Ó kó bàtà sínú ààrò. Ó jáde lọ ra iyọ̀, ọ̀nà oko ni wọ́n ti mú un padà wá. Imelda, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, gbọ́ ọ ní Guadalajara, ìlú ńlá tó ń gbé, ó sì wálé. Ọmọ náà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní òun máa wo bàbá òun nínú eré. Tó bá ṣìnà lórí ìtàgé pẹ́nrẹ́n, òun máa mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan nítòsí ọ̀dọ̀ òun. Yàrá kan lòun náà ń gbé, kò sáyè fún màmá.

Amparo sunkún sí mi lára. Ó ní tí wọ́n bá mú Crispín lọ, òun àti ògiri ni yóò máa wojú ara wọn. Bó ṣe gbé gbogbo ìrètí ẹ̀ lé ewì nìyẹn o. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń ránṣọ, ó ń ka ewì Sátánì sí ọkọ ẹ̀ létí, ọkọ ń tẹ̀ lé e, tó bá há, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo wà lódì kejì ògiri náà ti fẹ́ẹ̀ di Sátánì. Ewì yẹn nìkan là ń bẹ̀rù. Èébú ò bà wá lẹ́rù rárá, ṣebí látinú orí ara ẹ̀ ló ti máa ń mú un jáde.

Lọ́jọ́ náà, iwájú la jókòó sí, Imelda lápá kan Amparo, èmi lápá kejì. Wọ́n lu aago ìpè kìíní. Oúnjẹ àgbàdo tí à ń pè ní tàmálè tí mo rà ṣì wà nínú háhá ẹ̀ lórí itan mi, mi ò lè tú u. Wọ́n lu ìpè kejì. Amparo di ọwọ́ mi mú, òrùka ẹ̀ wọ̀ mí lára. Ìpè kẹta, eré bẹ̀rẹ̀.

Crispín jáde nínú èéfín, ó sì bẹ̀rẹ̀ ewì. Ó ń dà á wìì, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Amparo ń mi ẹnu lábẹ́ ìborùn ẹ̀, ó ń kà á tẹ̀ lé e. Nígbà tí èyí tó gùn jù nínú ewì parí, mo ní kó jọ̀wọ́ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, àbí ó fẹ́ mú un lọ sílé ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀.

Ni Sátánì bá sọ̀kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọjú sí Nabor alápatà, ó ní ìwọ̀n ẹran ẹ̀ ló ń dẹ́ṣẹ̀, Nabor fúnra ẹ̀ ló ń lọ jẹ́wọ́ fún Fáda. Ìlú rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú Amparo, gbogbo ọgbà sì na ọrùn. Mò ń rí ojú ẹ̀ nínú ihò ìbòjú yẹn, ó ń wò ó lọ wò ó bọ̀. Ohùn ẹ̀ wá lọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá," ó ní, "ẹ ò bá mi rí Amparo? Ó ní iwájú níbí lòun máa jókòó sí."

Ọgbà dà rú fún ẹ̀rín. Nabor ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Imelda rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Látọjọ́ tí mo ti ń wo Crispín, Sátánì ò bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Mo rò pé Amparo fẹ́ dákú. Àmọ́ ìlú ń dúró de èsì.

"Ó wà nítòsí," ó ní. "Ẹ padà sórí ìtàgé, ibẹ̀ ló ti máa rí yín dáadáa."

"Ẹ ṣé gan-an ni," Crispín ní. Ó gòkè padà, ó ka ìyókù ewì ẹ̀ láìṣì í, Áńgẹ́lì fi idà lù ú, ó sì ṣubú bó ṣe máa ń ṣubú. Àtẹ́wọ́ ò dáwọ́ dúró.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àwọn èèyàn bo Amparo, wọ́n ní irú tọdún yìí ò ṣẹlẹ̀ rí. Imelda dì mọ́ màmá ẹ̀. Ó ní òun ti ṣi bàbá òun rò, ẹni tó lè ṣe irú èyí, orí ẹ̀ pé ju toun lọ. Ó ní òun nìkan lòun máa padà sí Guadalajara lọ́la, kí màmá dárí ji òun.

Ohun tí Amparo ti ń bẹ Ọlọ́run fún ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kó panu mọ́. Mo fẹ́ kí ọkọ ẹ̀ dúró tì í, ojú ò tì mí láti sọ ọ́. Àmọ́ apá ìtàgé ló ń wò. Wọ́n ti bọ́ ìbòjú lójú Crispín, ó sì ń wo ojú kálukú tó ń kọjá.

"Kò dá mi mọ̀," Amparo ní.

Imelda ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ ọ, màmá. Ó dùn débi pé..."

"Imelda, kì í ṣe eré. Bàbá ẹ ò dá mi mọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. Amparo tún ìborùn ẹ̀ so.

"Mú un dání lọ́la," ó ní. "Màá bá a di ẹrù ẹ̀."

Ó wá lọ bá ọkọ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìtàgé, ó fi pẹ̀lẹ́ di apá ẹ̀ mú, ó sì sọ fún un pé Amparo ló rán òun wá mú un lọ sílé.